Erùpẹ̀ Ẹnu Kòtò

Kí ọmọkùnrin náà tó mọ ojú bàbá rẹ̀ dáadáa, ìró iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀. Láti abẹ́ ilẹ̀ ni ìró náà ti máa ń wá: gbì, gbì, gbì, ìsinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà gbì. Ìyá rẹ̀ á tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi, á gbé e lé e, ọmọ náà á sì fi etí lélẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún. Àwọn ọmọ yòókù a máa gbọ́ ohùn bàbá wọn láti yàrá kejì tàbí láti ẹnu ọ̀nà. Bàbá tirẹ̀, inú ilẹ̀ ló wà, ó ń lu ilẹ̀ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti sùn.

Iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ni wọ́n ń ṣe nílé wọn. Bàbá ń gbẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n ń gbẹ́ ẹ, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ nígbà tí èjìká rẹ̀ le tó. Abúlé mẹ́fà ló yí wọn ká, kò sì sí èyí tí wọn ò gbẹ́ kànga sí nínú wọn. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀; ẹni tó ń lo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú ihò, ta ni yóò máa bá sọ ọ́? Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ẹnu kì í rẹ̀ ẹ́ láti sọ. Erùpẹ̀ tí wọ́n bá fi garawa fà sókè kò gbọdọ̀ dúró lẹ́nu kòtò. Kí ẹni tó wà lókè gbé e lọ ní ogún ìṣísẹ̀, ó kéré tán, kí ó dà á síbẹ̀, kí ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Kì í ṣe tó bá yá, kì í ṣe lẹ́yìn oúnjẹ. Lójú ẹsẹ̀ ni.

"Erùpẹ̀ tó bá dúró lẹ́nu kòtò," bàbá á wí, "ọ̀nà àtipadà sílé ló ń wá. Ẹni tó bá sì bá nílé..."

Kì í parí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ló bá wọn parí rẹ̀. Ní ọdún tí àbúrò pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ̀gbọ́n wà nísàlẹ̀ kànga ilé-ìwé, ọkùnrin tí wọ́n gbà pé kó máa fa garawa sì rò pé kò sóhun tó burú níbẹ̀ bí òun bá kó erùpẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí òun fi ráyè sinmi. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Òkìtì erùpẹ̀ náà yọ̀. Kò pariwo rárá, ohun tó sì ń dẹ́rù ba àbúrò jù lẹ́yìn ìgbà náà nìyẹn, pé kò pariwo. Wọ́n fi ọwọ́ lásán wa ilẹ̀ títí èékánná wọn fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n kàn án, ẹ̀gbọ́n wà ní ìdúró, ó na ọwọ́ kan sókè, bí ọmọ ilé-ìwé tó mọ ìdáhùn.

Láti ọjọ́ yẹn, bí àbúrò bá ti rí erùpẹ̀ tó ga lẹ́nu ihò, ihò yòówù kó jẹ́, ti òpó iná tàbí ti ìpìlẹ̀ ilé, á dúró. Á wá ṣọ́bìrì, á kó o kúrò. Àwọn tó ń kọ́lé á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ wá wo ẹni tó ń bá wa tún àgbàlá ṣe lọ́fẹ̀ẹ́! Bùọ̀dá, ilé wa náà wà lẹ́yìn, ẹ bá wa gbá a!" Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ní dúró.

Ogun bẹ̀rẹ̀ níbi tó jìnnà, bí ogun ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko, inú rédíò ló wà. Wọ́n á gbọ́ díẹ̀, wọ́n á yí i sí ibi orin. Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta wá dúró níwájú ilé-ìwé, akọ̀wé kan jókòó sórí àga olùkọ́, ó ń pe orúkọ. Ilé kan, ọkùnrin kan.

Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó dára jù, ó lọ dúró níwájú akọ̀wé.

"Ọ̀gá, èmi ni kí ẹ mú nílé wa."

Akọ̀wé kò gbójú sókè. "Ọmọ ọdún mélòó ni yín, bàbá?"

"Bí a bá ní ká gbẹ́ ilẹ̀, gbogbo ọmọ tí ẹ kó sínú ọkọ̀ yẹn, kò sí èyí tó lè bá mi dé àárín."

"Ọmọ ọdún mélòó, mo ní."

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta."

"Ẹ lọ jókòó, bàbá. Wọn kì í lo ẹni tó ti fẹ̀yìntì lójú ogun."

Àwọn tó tò lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹkún ló kù. Ìyá ní tirẹ̀ dúró ti ọmọ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ ló ń tún ṣe, ó ń tún un ṣe, kọ́là tí kò sóhun tó ṣe é, títí awakọ̀ fi fọn fèrè.

"Ibikíbi tí wọ́n bá kó ọ dé," ni bàbá wí, "gbẹ́ ẹ kó jìn. Kí o sì rántí erùpẹ̀."

"Mo ti gbọ́, bàbá."

"Má gbọ́ ọ lásán. Rántí."

Sájẹ́ǹtì tó gbà wọ́n jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan. Búrẹ́dì ló ń ṣe kí ó tó wọṣẹ́ ológun, bínú bá sì ń bí i títí dòní, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á máa po afẹ́fẹ́ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun. Ní ọjọ́ kejì, ó pín ṣọ́bìrì fún wọn, ó ní kí ẹni méjì-méjì gbẹ́ kòtò tí wọn yóò máa dúró sí bí ọ̀tá bá ń yìnbọn. Ó pín ọmọ agbẹ́kànga mọ́ olùkọ́ kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wo ohun gbogbo bí ẹni tó fẹ́ fún un ní máàkì. Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Tíṣà ṣì ń bá gbòǹgbò koríko jà nígbà tí ẹnì kejì rẹ̀ ti wọlẹ̀ dé àyà.

"Ẹ wá wo kòtò!" Sájẹ́ǹtì kígbe. "Ẹ wá wo ògiri rẹ̀, ó gún bí ìlà rúlà. Ìwọ, kí ni wọ́n ń pè ọ́ nílé?"

Kí ó tó lanu, ẹnì kan ti pariwo lẹ́yìn: "Kànga!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Sájẹ́ǹtì wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Erùpẹ̀ rẹ̀ dà?"

"Mo ti gbé e lọ, sà."

"Gbé e lọ síbo?"

Kànga nawọ́ sẹ́yìn. Ogún ìṣísẹ̀ sí wọn, erùpẹ̀ náà wà nílẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ na ẹní sórí rẹ̀. Ọwọ́ Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun.

"Iwájú rẹ ló yẹ kó wà! Kó ga débí! Ọta ìbọn tí ì bá wọ orí rẹ, òun ni yóò bá ọ gbà á! Ta ló kọ́ ọ ní irú èyí?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Ta ni bàbá rẹ ń bá jà?"

"Kò bá ẹnì kankan jà, sà. Omi ló ń wá."

Ẹ̀rín sọ. Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má bàa rí eyín rẹ̀. "Ó dáa. Kò sẹ́ni tó ń wá omi níbí. Lọ kó o wá."

Ó lọ kó o wá. Kíkó tó kó o padà gbà á lákòókò ju gbígbẹ́ lọ. Nígbà tí òkìtì náà ga tó, tí ó bọ́ sínú kòtò, ó gbójú sókè wò ó. Ó rí ọwọ́ kan tó nà sókè. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti fọwọ́ tì í sẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, díẹ̀ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iwájú wọn mọ́ bí àgbàlá tí ìyàwó tuntun gbá.

"Kànga," ni Tíṣà wí, "ṣé o fẹ́ pa wá ni?"

Ìgbà náà ni Kànga sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un.

"Ó yé mi," ni Tíṣà wí nígbà tó parí rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìbọn ò mọ ẹ̀gbọ́n rẹ."

Tíṣà rò ó bí olùkọ́ ṣe máa ń ro ìṣirò. Bí wọ́n bá di erùpẹ̀ náà sínú àpò, kò ní lè yọ̀ wálẹ̀. Bí kò bá sì lè yọ̀, bóyá ara Kànga á gbà á. Ó kọ̀wé, ó bẹ̀bẹ̀ fún ogún àpò. Ìdáhùn dé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá: àpò tó wà, wọ́n ti fi yí ilé tí àwọn ọ̀gá ń sùn sí ká, bí òmíràn bá dé, wọn yóò rántí wọn. Àpò kankan kò dé.

Nígbà tí wọ́n kó wọn lọ sójú ogun gan-an, ètò kan wà láàárín àwọn méjèèjì. Kànga á gbẹ́ ilẹ̀, Tíṣà á kó erùpẹ̀ jọ síwájú.

"Kọjú sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi," Tíṣà á wí, "mo fẹ́ mú ọ̀tá rẹ wọlé."

Kànga á kọ ẹ̀yìn sí i, á máa wo koríko lọ́nà ibi tí wọ́n ti wá. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n gbẹ́ kòtò mẹ́sàn-án ní ibi mẹ́sàn-án, kò sì sí èyí tí kò dára nínú wọn. Àwọn yòókù á máa wá fi sìgá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn náà gbẹ́ tiwọn. Kì í fa sìgá. Ó kó o jọ fún Tíṣà.

Òwúrọ̀ kan, Tíṣà lọ gba oúnjẹ. Òjò ti rọ̀. Kànga nìkan ló wà nínú kòtò, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn síwájú bí ìṣe rẹ̀, nígbà tí ẹyọ iyẹ̀pẹ̀ kan yí bọ́ sí i lọ́rùn. Ẹyọ kan péré, kò tó èékánná. Òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí yóò fi padà mọ ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti dọ̀tí dé ìgbọ̀nwọ́, òkìtì náà kò sì sí níwájú mọ́. Ó ń mú ṣọ́bìrì láti tún un kó nígbà tí Tíṣà dé, abọ́ méjì lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó bẹ́ sínú kòtò tí ó sì nàró kí ó lè na abọ́ kan sí i.

"Èyí tó lẹ́ran ni tìrẹ, mo ti..."

Ọta ìbọn wọ èjìká rẹ̀. Abọ́ méjèèjì ṣubú.

Kò kú. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ lórí àkéte aláìsàn, Kànga ń rìn tẹ̀ lé wọn, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí i gbé.

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," ni Tíṣà wí.

"Ẹ̀bi mi ni."

"Mo ní kì í ṣe..." Ìrora mú un. "Ó dáa. Ẹ̀bi rẹ ni. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, kó erùpẹ̀ yẹn padà. Ṣé o gbọ́? Mi ò sí níbẹ̀ mọ́ tí n óò máa bá ọ kó o. Kó o padà."

Kànga lọ bá Sájẹ́ǹtì. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe pín ẹnikẹ́ni mọ́ òun mọ́.

"Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Rárá, sà. Mo fẹ́ lọ sílé."

"Fi erùpẹ̀ síwájú rẹ nígbà náà. Ohun tó lè gbé ọ délé nìyẹn, kò sí òmíràn."

"Mo ń gbìyànjú ẹ̀, sà."

Sájẹ́ǹtì mú bébà. Ó kọ lẹ́tà kan sí àwọn ọ̀gá lókè pé ọmọkùnrin yìí mọ kànga gbẹ́, pé ẹ̀yìn ogun ni yóò ti wúlò, níbi tí àwọn ṣọ́jà ti ń mu omi odò, tí inú ń run wọ́n. Wọ́n fèsì pé kò sí ẹni tí yóò kúrò nídìí ìbọn rẹ̀ títí àwọn mìíràn yóò fi wá gba ipò wọn. Wọn kò sọ ìgbà tí ìyẹn máa jẹ́. Sájẹ́ǹtì mú ìwé náà wá hàn án. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò po nǹkan kan. Ó kàn rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ ni.

Báyìí ni Kànga ṣe dá gbẹ́ kòtò tirẹ̀. Láràárọ̀, á kó erùpẹ̀ síwájú. Á dijú, á máa kà láti orí ení. Á bá ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ajá sọ̀rọ̀: jókòó jẹ́ẹ́, jókòó. Bó bá di ọ̀sán, á rí i pé iwájú òun ti tún mọ́. Ó wá rò ó pé bí kòtò náà bá jìn gan-an, òun ò ní nílò òkìtì kankan, ó sì gbẹ́ ẹ títí kò fi rí nǹkan kan mọ́ àfi ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ṣọ́jà tí kò rí iwájú kì í ṣe ṣọ́jà. Wọ́n pàṣẹ pé kó gbẹ́ àtẹ̀gùn kan sí ara ògiri, kí ó máa dúró lé e, kí ó máa ṣọ́ ọ̀tá. Bó bá ti gun àtẹ̀gùn náà, láti àyà lọ sókè, ìta gbangba ló wà.

Ó kọ lẹ́tà sílé. "Bàbá, ilẹ̀ ibí rọ̀, kò ní òkúta. Mò ń gbẹ́ ẹ kó jìn. Kí ìyá má ṣe ronú." Ohun tó fẹ́ kọ gan-an ni pé kí bàbá jọ̀wọ́ fún òun láyè, kí erùpẹ̀ lè dúró. Bóyá bí bàbá bá ní ó dáa, ọwọ́ òun á gbọ́. Ó kọ ọ́. Ó wò ó. Ó dà bí ẹni pé òun ń bẹ bàbá kí ó dárí ji ọkùnrin tó kó erùpẹ̀ jọ sórí ẹ̀gbọ́n. Ó fi pẹ́ńsùlù pa á rẹ́ títí bébà fi fẹ́ lu, ó sì fi èyí tó kù ránṣẹ́.

Ó kú ní ọjọ́ kan tí kò yàtọ̀ sí àwọn ọjọ́ yòókù, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó wà lórí àtẹ̀gùn. Bọ́ǹbù kan bọ́ síwájú ìlà kòtò wọn. Àwọn tó wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ dorí kodò, òkìtì iwájú wọn bá wọn gba irin tó ń fò, wọ́n sì gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí, wọ́n ń bú ìyá ẹni tó jù ú. Kò sí nǹkan kan níwájú Kànga tó lè bá a gbà á. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ mọ́.

Lẹ́tà àwọn ológun dé ilé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì abúlé ló kà á fún wọn, ní ẹnu ọ̀nà, nítorí kò sẹ́ni tó rántí láti ní kó wọlé. Ó ní akọni ni ọmọ wọn, ó ní orílẹ̀-èdè kò ní gbàgbé.

"Ṣé wọ́n sọ bí kòtò rẹ̀ ṣe jìn tó?" bàbá béèrè.

"Wọn ò sọ ọ́, bàbá."

"Ẹ tún un wò."

Ìlà mẹ́fà péré ni. Nọ́ọ̀sì tún un wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Wọn ò sọ ọ́, sà."

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, Tíṣà wá. Apá rẹ̀ kan ti rọ, ó fi aṣọ gbé e kọ́ ọrùn. Ó ti to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ láti inú ọkọ̀, gbogbo rẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an àti bí Sájẹ́ǹtì ṣe kọ ìyókù sí i, nítorí ó gbà pé òtítọ́ ni gbèsè tí òun jẹ òkú. Wọ́n fún un ní àga. Ìyá jókòó sórí àpótí. Bàbá kò jókòó.

"Kòtò rẹ̀, ṣé ó jìn?"

"Kò sí èyí tó jìn tó o, bàbá. Gbogbo wa la máa ń lọ wò ó."

"Erùpẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó kó o kúrò lẹ́nu kòtò?"

Tíṣà wo ojú ọkùnrin náà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò wá láti inú ọkọ̀ kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

"Ó kó o kúrò, bàbá. Ojoojúmọ́ ni."

Bàbá mi orí. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀. "Ó rántí," ni ó wí. "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ó rántí." Ìyá ò gbójú kúrò lára Tíṣà. Ó wò ó, ó wò ó, lẹ́yìn náà ó dìde láti lọ bu omi fún un, ó sì pẹ́ kó tó padà wá.

Ṣùgbọ́n kí bọ́ǹbù yẹn tó bọ́, ọ̀sán kan wà, kò sì sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀sán náà. Ìbọn ti dákẹ́ láti àárọ̀. Oòrùn wọ inú kòtò dé ìdajì. Kànga rí i pé bọ́tìnnì kejì láti òkè ti fẹ́ já lára aṣọ òun, òwú kan ṣoṣo ló dì í mú. Ó bọ́ aṣọ náà. Ó nahùn sí ṣọ́jà tó wà nínú kòtò ọ̀tún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yá mi ní abẹ́rẹ́!"

"Kànga! Ta ni o fẹ́ lọ fẹ́?"

"Bọ́tìnnì ló fẹ́ já."

"Àwọn tó wà níwájú yẹn ò ní wo bọ́tìnnì rẹ o. Gbà!"

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ara ègé ọṣẹ kan, òwú dúdú wà lára rẹ̀, wọ́n sì jù ú sí i. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀. Ó lá ẹnu òwú, ó gbé abẹ́rẹ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀, kò wọlé. Ó tún un lá, ó fi eyín tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé. Ìka rẹ̀ tóbi jù fún irú iṣẹ́ yẹn. Ìgbà kẹta, ó wọlé. Ó so ó nídìí, ó jókòó, ó kó aṣọ lé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an: sókè láti ihò yìí, sísàlẹ̀ láti ihò yẹn, ó ń fa òwú náà gùn tó bí apá rẹ̀ bá ṣe gùn tó. Bọ́tìnnì funfun, òwú dúdú. Ó rán an lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ó yí òwú ká ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ta á ní kókó, ó sì fi eyín gé e. Ó fa bọ́tìnnì náà wò. Kò mì. Ó gbọn aṣọ náà, ó wọ̀ ọ́, ó sì dé bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ dé ọrùn.